Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá kí wọ́n fi oògùn pe ìrọbí, ẹ kọ́kọ́ gbé káàdì yín

Alẹ́ Tọ́sìdeè kan báyìí, bí aago 9, ìyàwó àbúrò mi pè mí láti Ifẹ̀, apá Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú káàdì òun ní kílíníìkì pé kóun wá ní Mọ́ńdè, wọ́n fẹ́ íńdúùsì òun, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi oògùn tàbí nǹkan míì pe ìrọbí. Màámi, tí í ṣe ìyá ọkọ ẹ̀, ti fárígá, wọ́n ní ọmọ tí ò tíì fẹ́ jáde, ta ló ní kí wọ́n lọ fà á jáde, ṣé ọsàn ni wọ́n fẹ́ ká ni. Ìyá àdúrà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ní ayé ló so oyún mọ́ ọn nínú. Àbúrò mi ní tiẹ̀ dákẹ́, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin yẹn wá ń bi mí pé, "Àǹtí mi, ẹ gbà mí o, ṣé kí n gbà ni àbí kí n má gbà?"

Mo ní ká fi gbígbà àti àìgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó lọ gbé káàdì ẹ̀ wá.

Èmi kì í ṣe dókítà o, aṣọ ni mò ń tà nínú ọjà Atàkúnmọ́sà níbí ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ìkejì nínú wọn, oògùn ni wọ́n fi pe ìrọbí ẹ̀, mo sì ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ agbẹ̀bí tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, mo ti fi ìbéèrè dà á láàmú débi pé tó bá ti rí nọ́ńbà mi, ó máa kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó gbé e. Ohun tí mo sọ fún ìyàwó wa láti alẹ́ ọjọ́ yẹn títí di Sọ́ńdè ni mo fẹ́ tò síbí. Bóyún tiyín náà bá ti wọ ọ̀sẹ̀ 39, 40 sókè, tí wọ́n ti ń dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ gbé káàdì tiyín, ẹ wá bírò ìkọ̀wé kan, ká jọ bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ ka ọjọ́ yẹn fúnra yín

Ibí ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibí náà làwọn èèyàn sì máa ń fò kọjá. Wọ́n ní oyún yín ti kọjá ọjọ́, ọjọ́ wo? Ta ló kà á? Àtibo ló ti kà á?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn ni wọ́n fi ń kà á. Kì í ṣe ọjọ́ tó dá o, kì í sì í ṣe oṣù tẹ́ ẹ wá a tẹ́ ẹ ò rí i, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gangan ni. Ẹ fi ọjọ́ 7 kún un, ẹ ka oṣù 9 síwájú, ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ 40 máa bọ́ sí. Ẹni tó rí nǹkan oṣù ẹ̀ ní January 10, October 17 ni ọjọ́ ẹ̀, ó máa pé ọ̀sẹ̀ 41 ní October 24, ọ̀sẹ̀ 42 ní October 31. Ìṣirò yẹn wà fún ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ máa ń yí po lọ́jọ́ 28. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ 35 35 ni tiyín máa ń wá, oyún yẹn pẹ́ kó tó dúró ju bí káàdì ṣe rò lọ, ohun tí wọ́n pè ní ọ̀sẹ̀ 41 lè jẹ́ 40 péré, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn torí nọ́ọ̀sì ò gbé nínú yín.

Síkáànù wá ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ ṣe kóyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14 ló ṣeé gbọ́kàn lé jù, ìyàtọ̀ inú ẹ̀ ò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, torí ní ìgbà yẹn gbogbo ọmọ inú ń dàgbà bákan náà. Bóyún bá ti dàgbà, ọmọ kan á tóbi, òmíì á kéré, bíi ti bàbá àti ìyá wọn, síkáànù tó bá wá ń fi bí ọmọ ṣe tóbi tó ka ọjọ́ nígbà yẹn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣì í. Nítorí náà tí síkáànù oṣù kẹjọ bá fún yín ní ọjọ́ tuntun tó ta ko èyí tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́.

Bó ṣe rí lára ìyàwó wa gan-an nìyẹn. Ọjọ́ méjì ló wà lára káàdì ẹ̀, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa, ọjọ́ 9 ló wà láàárín wọn. Èyí tó pupa, síkáànù ọ̀sẹ̀ 32 ló ti wá. Mo bi í pé ṣé kò ṣe òmíì ṣáájú ni, ó ní rárá, ó tún ní ẹ dúró ná, òun rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oyún, àwọn sáré lọ ṣe ọ̀kan ní Lágere. Ìwé ẹ̀ ńkọ́? Abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì! Ó fà á yọ, ó yà á fún mi lórí WhatsApp, ọ̀sẹ̀ 10, ìyàtọ̀ ọjọ́ méjì péré sí èyí tí wọ́n fi búlúù kọ. Ó dáa, ọ̀rọ̀ ti yé wa: lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọ̀sẹ̀ 40 àti ọjọ́ 4 ló wà, Mọ́ńdè tí wọ́n dá fún un, ọ̀sẹ̀ 41 àti ọjọ́ kan. Ìbẹ̀rù ẹ̀ ti dín ìdajì kù láìtíì rí dókítà kankan.

(Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ń fojú di káàdì, pàápàá àwa ará ìlú yìí. Ọsibítù Wesley Guild níbí àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí káàdì ìdàgbàsókè ọmọ nínú àwọn ọdún 1950, èyí tí wọ́n ń sàmì ìwọ̀n ọmọ sí títí dòní, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ibi láyé. Àwa wá ń fi tiwa ká ẹ̀pà.)

2. Ẹ bi wọ́n ní ìdí, ẹ má kúrò níbẹ̀ tí wọn ò bá dáhùn

Ọmọ Òṣómàáló ni wá, àwọn bàbá wa máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, kí ló wá dé tá a bá dé iwájú dókítà tí gbogbo wa ń di "yes sir"? Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ṣe é? Tá a bá dúró ọjọ́ mẹ́ta sí i ńkọ́, kí lẹ̀rù ẹ̀?" Dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe ò ní bínú.

Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín ló máa sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe kánjú tó.

Tí wọ́n bá ní ìfúnpá ni, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún gbé wá, tó ti dé 140/90 sókè, pàápàá tí wọ́n bá tún rí purotéènì nínú ìtọ̀, ẹ má jiyàn. Ibi ọmọ ló ń dá àìsàn yẹn sílẹ̀, kò sí oògùn tó máa wò ó tán àfi kí ọmọ àti ibi jáde, ohun tí wọ́n ń fún yín lójoojúmọ́ yẹn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lásán ni kó má bàa di gìrì. Bóyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 37, wọn kì í fẹ́ dúró mọ́. Orí fífọ́ tí ò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí ìràwọ̀, inú ríro lókè lábẹ́ egungun ìhà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè mọ́, alẹ́ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ.

Tí omi bá ti já tí ìrọbí ò bẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa rọbí fúnra wọn láàárín wákàtí 24, tó bá ti ń lọ kọjá ìyẹn, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò àìsàn, fún ìyá àti ọmọ. Tí ọmọ bá dín yíyí kù, tí síkáànù ní omi inú ti kéré jù, tàbí pé ọmọ ò dàgbà mọ́, bákan náà ni, inú ti ń há fún un, ìta sàn fún un ju inú lọ. Ìtọ̀ ṣúgà náà wà níbẹ̀, wọn kì í sábà jẹ́ kí tàwọn yẹn kọjá ọ̀sẹ̀ 40.

Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ nìkan, tí ara ìyá le, tí ọmọ ń ta pútúpútú, ibẹ̀ lẹ ti láyè láti rò ó. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kí wọ́n íńdúùsì ẹni tó dájú pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ 41, ẹ kíyè sí "dájú" yẹn, ìdí nìyẹn tá a fi kọ́kọ́ ka ọjọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ibi ọmọ ti ń gbó, omi ń dín kù, ọmọ lè yàgbẹ́ sínú omi kó sì fà á símú, èyí tó burú jù ni pé ewu kí ọmọ kú sínú, tó kéré gan-an tẹ́lẹ̀, á máa lọ sókè bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní Síwídìn wọ́n ṣe ìwádìí kan tí èsì ẹ̀ jáde ní 2019, obìnrin 2,760, wọ́n íńdúùsì àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 41, wọ́n ní káwọn yòókù dúró di 42. Wọn ò lè ṣe é parí. Ọmọ 6 ló kú lọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró, kò sí ìkankan lọ́dọ̀ àwọn tó kù, ni wọ́n bá dá a dúró. Síwídìn nìyẹn o, níbi tí wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìró ọkàn ọmọ.

Ìdí kẹta, tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ìdí ni: dókítà fẹ́ rìnrìn-àjò, ọkọ yín ò ní pẹ́ padà sí Abuja, ẹ fẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ ìbí ìyá àgbà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 39, ẹ má gbà fún irú èyí rárá, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè má tíì yè kooro, ó lè máa mí gúlegúle, kó má lè fa ọyàn dáadáa, kí ara ẹ̀ máa tutù. Láti 39 lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2018, ó lé ní 6,000 obìnrin tó fẹ́ bí àkọ́bí, ara gbogbo wọn le: nínú 100 tí wọ́n íńdúùsì ní ọ̀sẹ̀ 39, bíi 19 ló bá iṣẹ́ abẹ lọ, nínú 100 tó dúró, bíi 22. Nítorí náà ẹni tó bá ń pariwo pé ẹni tí wọ́n bá ti íńdúùsì, tíátà ló ń lọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọkàn ọmọ wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní sùúrù. WHO ò ní kí wọ́n ṣe é fún ẹni tí ò ní ìṣòro kó tó pé 41. Tèmi: níbi tí a wà yìí, mi ò ní fi ọwọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 39 láìnídìí.

3. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín bí ẹnu ilé ọmọ ṣe wà

Obìnrin méjì lè wà ní ọ̀sẹ̀ 41, kí ọ̀kan bí láàárín wákàtí 8 kí èkejì lo ọjọ́ méjì àtààbọ̀, ẹnu ilé ọmọ ló fà á. Ìgbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ yẹ̀ yín wò nísàlẹ̀, nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wá: ó ti ṣí tó mélòó, ó ti tín-ín-rín tó, ó rọ̀ àbí ó le, ó kọjú síwájú àbí sẹ́yìn, orí ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ débo. Wọ́n á fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n á ro ó pọ̀, 13 ni èyí tó pọ̀ jù. Bishop ni wọ́n ń pe máàkì yẹn, orúkọ dókítà tó gbé e jáde ní 1964 ni. Tó bá jẹ́ 8 sókè, ara ti fẹ́ bí fúnra ẹ̀, ẹ̀ ń bá a tì í díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ 6 sísàlẹ̀, kò tíì ṣe tán, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un rọ̀ kí wọ́n tó pe ìrọbí.

Ọ̀rẹ́ mi agbẹ̀bí ní kí n fọwọ́ kan ṣóńṣó imú mi, ó ní èyí tí ò tíì ṣe tán, bó ṣe le nìyẹn. Ó ní kí n wá fọwọ́ kan ètè mi. Ó ní ìyẹn ló ti ṣe tán.

Ẹni tó bá fa dírípù oògùn ìrọbí fún ẹnu ilé ọmọ tó ṣì le bí imú, iṣu tí ò jinná ló dà sódó. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ̀ ọ́n: ẹ lè gún un títí apá á fi fẹ́ já, kókó ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́, ẹ ó wá máa sọ pé iṣu ni ò dáa. Bí ọ̀pọ̀ "íńdúùsì tó fèèlì" ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni: "Mélòó ni máàkì mi, kí lẹ sì fẹ́ fi mú un rọ̀?"

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbá a fún yín ná, ìyẹn ni pé kí wọ́n ti ìka bọ ẹnu ilé ọmọ kí wọ́n yí i ká láti ṣí awọ omi kúrò lára ògiri, kì í ṣe oògùn, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ń dùn, ẹ lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn míì máa ń rọbí láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ oògùn á sì parí síbẹ̀.

4. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ lò

Bálúùnù: ìrọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ náà ni, wọ́n á ti orí ẹ̀ kọjá ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á fi omi 30 sí 60 mílílítà fẹ́ ẹ, wọ́n á fi púlásítà lẹ ìyókù mọ́ itan yín. Ó ń tẹ ẹnu yẹn díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣí, tó bá ti ṣí tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, bálúùnù á já bọ́ fúnra ẹ̀. Òun ni wọ́n lò fún mi. Mo rìn kiri wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ẹ̀, mo jẹun, mo sùn díẹ̀, aago 4 ìdájí mo wọ báfúrúùmù, ó já bọ́ pàà, mo figbe ta pé ọmọ mi ti bọ́! Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Misoprostol: tábúlẹ́ẹ̀tì ni, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti la ojú. Èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì sábà máa ń jẹ́ 200 máíkírógírámù, ìwọ̀n tí WHO sọ fún pípe ìrọbí aboyún tó ti tó bíbí jẹ́ 25 lẹ́ẹ̀kan, ìdá mẹ́jọ tábúlẹ́ẹ̀tì kan péré. Ẹni tó bá ń fi búléèdì gé e lórí tábìlì, kò lè gé e dọ́gba, ẹni tó bá wá fún yín ní odindi, àbọ̀ ẹ̀ pàápàá, ilé ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún láìsinmi títí á fi fàya. Dírípù, ẹ lè pa á, misoprostol tó ti wọra, kò sí bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Ẹ má rà á, ẹ má lò ó nílé, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ò ní jókòó tì yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí láti bímọ, ti misoprostol ò sí fún yín rárá, àpá yẹn lè ya.

Dírípù, ìyẹn oxytocin, àti kí wọ́n bẹ́ omi, ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti rọ̀ ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi kún un.

Ẹ má retí pé ẹ ó bí lọ́jọ́ náà. Fún àkọ́bí, láti ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ di ìgbà tí ọmọ máa ké, ọjọ́ kan sí méjì kì í ṣe àjèjì. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má máa pè ní wákàtí wákàtí pé "ṣé kò tíì?"

5. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é ṣe pàtàkì bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n fa dírípù fún un ní aago 8 àárọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ṣí i sílẹ̀ kó máa já gbọ̀ngbọ̀n, ẹni tó ń ṣọ́ ọ jáde lọ ra ata. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìrora yẹn ò fi í sílẹ̀ mọ́, èyí ò tíì lọ tí òmíì ti dé. Alẹ́ ni wọ́n tó gbé e, wọ́n la Òṣú kọjá nínú òjò lọ sí Ifẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, ọmọ ò sì ké. Ọjọ́ 9 ló lò lábẹ́ ọ́síjìn. Ó yè, a dúpẹ́, ó ti ń lọ síléèwé báyìí, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkejì.

Ìrora tó bá ju márùn-ún lọ nínú ìṣẹ́jú 10 ti pọ̀ jù, ọmọ ò ní ráyè mí láàárín wọn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń fọwọ́ lé ikùn yín tó ń kà á, tó ń gbọ́ ọkàn ọmọ (110 sí 160 ni wọ́n ń fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan), tó sì lè pa dírípù lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó gba ọjọ́, ẹ béèrè: ṣé tíátà wà nínú ọgbà yìí, tó bá di aago 2 òru, ta ló máa ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, iná ńkọ́, nọ́ọ̀sì mélòó ló máa wà lórí wọ́ọ̀dù? Tí ìdáhùn bá ń lọ sọ́tùn-ún lọ sósì, ẹ bọ́ síbi tó tóbi. Wesley Guild tó wà níbí àti ọsibítù Tíṣìn tó wà ní Ifẹ̀, abẹ́ OAUTHC kan náà (ọsibítù ńlá ti yunifásítì OAU) ni wọ́n wà, ẹ ò ní láti gun ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ lóru tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ gbogbo àṣírí yín fún wọn. Iṣẹ́ abẹ àtijọ́, ìgbà tí wọ́n yọ fáíbírọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀. Tí ọmọ bá dábùú, tàbí tí ibi ọmọ bá bo ẹnu ọ̀nà, kò sí íńdúùsì níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni, kò sí àdúrà tó ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀mí dán an wò.

6. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ dúró ná

Ẹ̀tọ́ yín ni, kò sẹ́ni tó lè fipá fa dírípù fún yín. Ṣùgbọ́n dídúró níṣẹ́ tiẹ̀, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ jókòó sílé kẹ́ ẹ máa retí. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ 41, ẹ ní kí wọ́n máa yẹ ọkàn ọmọ àti omi inú wò bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ sì dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbà kalẹ̀, kó má kọjá 42. Lójoojúmọ́, ẹ jẹun tán, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ ka bí ọmọ ṣe ń yí. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa igi sára ògiri. Tí ò bá pé 10 láàárín wákàtí méjì, tàbí tí yíyí ẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ má sùn mọ́ ọn, ẹ má mu kóòkì wò ó, ẹ gbéra.

Àgbo ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Mi ò bú àgbo, màámi pò ó fún mi nígbà tí mò ń tọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwọn ewé àti egbò kan wà tó ń mú ilé ọmọ fún, ẹni tó pò ó ò lè sọ ìwọ̀n fún yín, tó bá wá lọ pàdé misoprostol tàbí dírípù nínú yín, méjì á wá di mẹ́rin. Òróró láàrà, ìgbẹ́ gbuuru ló dájú nínú tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mu ohunkóhun, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó pariwo lé yín lórí, ó sàn bẹ́ẹ̀. Rírìn dáa, ẹ rìn.

7. Ilé

Màámi ò gba àlàyé mi lórí fóònù, mo ní láti wọ mọ́tò lọ bá wọn ní Sátidé. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn bi wọ́n pé, "Màámi, ẹ rántí ọmọ tí ìyá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ bí tó kú, èyí tí wọ́n ní ó pẹ́ nínú?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Èékánná ẹ̀ ti gùn, awọ ara ẹ̀ ń ṣí." Mo ní ohun tí dókítà ń sá fún nìyẹn. Wọ́n dìde lọ wá ìró tí wọ́n máa fi gba ọmọ.

Ti owó: ẹ béèrè iye fún bíbí lásán àti iye tó bá di iṣẹ́ abẹ, kí owó èkejì wà nítòsí kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tiyín mu, kí fóònù wọn wà ní títàn. Ẹni tó máa bá yín sùn, kó jẹ́ ẹni tí kì í tètè sunkún.

Ìyàwó wa lọ ní Fúráídeè, ó béèrè máàkì ẹ̀, 4 ni. Wọ́n gbá a fún un, omi inú dáa, ọkàn ọmọ dáa, ó padà sílé. Kò rọbí. Mọ́ńdè ó wọlé, wọ́n fi bálúùnù sí i, ó já bọ́ ní òwúrọ̀ Túsìdeè, wọ́n bẹ́ omi, wọ́n fa dírípù, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ó bí obìnrin, kìlógírámù 3.4. Nígbà tí wọ́n ń dá a sílẹ̀ mo ní kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: ọ̀sẹ̀ mélòó, máàkì mélòó, kí ni wọ́n lò, wákàtí mélòó, torí ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè nígbà ìkejì nìyẹn. Ó ti kó o sínú nylon pẹ̀lú síkáànù ọ̀sẹ̀ 10 yẹn. Mo ní kó má kó o sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì mọ́.